Mọ́tò Bàbá Wa Kì í Ṣe Kóńdẹ́mù

Bí èèyàn bá ń fẹsẹ̀ rìn ní Bódìjà Àtijọ́ nírọ̀lẹ́, tó ń wo inú ọgbà àwọn ilé láti ojú géètì, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí ọkọ̀ kan tí kò lọ síbì kankan mọ́. Ó lè jẹ́ Péjò 504, ó lè jẹ́ Ìjàpá Volkswagen, ó lè jẹ́ Mẹ̀sí ayé ọjọ́un. Ewé máńgòrò ti bo òrùlé rẹ̀, táyà rẹ̀ ti sọ̀ sílẹ̀, adìyẹ ti fi abẹ́ rẹ̀ ṣe ilé. Bí ẹ bá béèrè, wọn á ní, "Mọ́tò Dádì ni." Dádì ti lọ tipẹ́, mọ́tò ò tíì kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí kẹ́yìn. Àwọn ọmọ ò lè tà á, wọn ò sì tún un ṣe.

Láràárọ̀ ni àwọn ọmọkùnrin tó ń ti ọmọlanke kiri ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń ké pé kí ẹni tó bá ní irin kóńdẹ́mù gbé e wá. Òṣùwọ̀n ni wọ́n fi ń ra irin. Wọn ò mọ̀ bóyá irin yìí ló gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn UCH lóru ọjọ́ kan, tàbí òun ló gbé ìyàwó bọ̀ láti Abẹ́òkúta. A ò sì lè bá wọn wí, torí iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni. Àwa ọmọ tí a mọ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀. Ẹni tó bá ní mọ́tò òbí tó ṣì ṣeé tún ṣe, tó sì ní agbára rẹ̀, kó tún un ṣe, kó má sì jẹ́ kó pẹ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ń dàgbà. Àwọn tó mọ ìtàn rẹ̀ ń lọ.

Ohun tí ìran kan fi òógùn rà

Ọ̀nà mọ́tò kì í ṣe nǹkan àná ní Ìbàdàn. Ọdún 1906 ni wọ́n ti la ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà láti ibí dé Ọ̀yọ́. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn òyìnbó, àwọn ọba àti àwọn oníṣòwò ńlá nìkan ló ń ní mọ́tò ara wọn. Ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Bódìjà ní ìparí àwọn ọdún 1950, tí yunifásítì sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán Agbowó, ni ìran mìíràn dìde: akọ̀wé àgbà, tíṣà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ yunifásítì. Nígbà náà, ìjọba a máa yá òṣìṣẹ́ lówó mọ́tò, wọ́n á sì máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀ títí gbèsè á fi tán.

Mọ́tò tó bá ní sítíárì lápá ọ̀tún láàárín àwọn mọ́tò àtijọ́ wọ̀nyí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé wọ́n ti rà á ṣáájú ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972. Ọjọ́ náà ni gbogbo Nàìjíríà fi apá òsì títì sílẹ̀, tí a bọ́ sápá ọ̀tún. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọdún 1975 dé, ọdún tí àwọn òbí wa kì í gbàgbé. Oṣù kẹta ọdún náà ni ilé iṣẹ́ Péjò ṣí ní Kàdúná, oṣù kan náà ni ti Volkswagen ṣí ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó. Owó Údójì, ìyẹn àfikún owó oṣù, ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì gba ibẹ̀ di onímọ́tò. Ìbàdàn náà ní tirẹ̀, torí ilé iṣẹ́ Leyland to ọkọ̀ Land Rover àti ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀ nílùú yìí.

Nínú gbogbo wọn, Péjò 504 lọ́ba. Ọdún 1968 ni àwọn Faransé kọ́kọ́ gbé e jáde. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gba àmì ẹ̀yẹ ọkọ̀ tó dára jù lọ́dún ní Yúróòpù. Nígbà tó fi di 1983, wọ́n ti dáwọ́ sálúùnù rẹ̀ dúró nílẹ̀ Faransé, ṣùgbọ́n Kàdúná ń ṣe é lọ títí wọ inú àwọn ọdún 2000. Ọkọ̀ náà bá ilẹ̀ wa mu. Ó ga nílẹ̀, kòtò kì í bà á lẹ́rù, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í, mẹkáníìkì abẹ́ igi sì lè tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láìwo ìwé. Kọmíṣọ́nnà ń gùn ún, ọ̀gá ilé ìwé ń gùn ún. Ti wágọ́ọ̀nù rẹ̀ ni ọ̀gá àwọn ọkọ̀ ní gáréèjì, èrò mẹ́ta láàárín, mẹ́ta lẹ́yìn, pàápàá lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lọ́dún 1978.

Ìjàpá ní tirẹ̀ jẹ́ ọkọ̀ ọ̀pọ̀ ìyá. Tíṣà àti nọ́ọ̀sì obìnrin fẹ́ràn rẹ̀, torí kò gba ààyè, kò sì ní rediétọ̀ tí èèyàn yóò máa bu omi sí. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú. Bàtírì rẹ̀ wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ibẹ̀ sì ni ilẹ̀ mọ́tò náà ti máa ń kọ́kọ́ jẹ, nítorí omi bàtírì tó ń kán. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé afẹ́fẹ́ inú sípíà táyà ló ń ti omi sójú gíláàsì iwájú. Nígbà tí wọ́n parí ṣíṣe Ìjàpá ní Mẹ́síkò ní oṣù keje ọdún 2003, ó ti lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógún tí wọ́n ṣe káàkiri ayé. Ìdí nìyẹn tí páàtì rẹ̀ kò fi wọ́n tó bí èèyàn ṣe lè rò.

Kí ló dé tí àwọn òbí wa fi lo mọ́tò kan ṣoṣo fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ọ̀pọ̀ ọmọ rò pé àwọn àgbà kàn fẹ́ràn ohun àtijọ́ ni. Ìdí rẹ̀ ni pé ọdún 1986 mú SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé, náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun sì bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń gba owó oṣù. Láti ìgbà náà ni tókúnbọ̀ ti di ọkọ̀ wa. Bàbá tó ti ní 504 kò rí òmíràn rà mọ́. Ó ní láti máa tọ́jú èyí tó wà lọ́wọ́. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ kíláàsì, tí wọ́n ń lẹ ìjókòó, tí wọ́n ń tún ọ̀dà kùn, ọgbọ́n ìdílé tí kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ ọmọ kan ilẹ̀ ni. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní wo mọ́tò náà bí irin lásán mọ́.

Ogún tí kò ṣeé gé

Kí ni kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ tún un ṣe? Owó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ogún ló máa ń ṣáájú. Òfin ilẹ̀ Yorùbá mọ ọ̀nà ìpínogún méjì, ìdí-igi, tí a fi ń ka iye ìyàwó, àti orí-ò-jorí, tí a fi ń ka iye ọmọ. Ẹjọ́ Dáwódù àti Dáńmọ́lé, tó gòkè láti Èkó dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀n, tí wọ́n dá lọ́dún 1962, ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nílé ẹjọ́ pé ìdí-igi ni àṣà, pé ìgbà tí aáwọ̀ bá wà ni a lè yà sí orí-ò-jorí. Ilé ṣeé pín ní yàrá. Ilẹ̀ ṣeé pín ní púlọ́ọ̀tì. Mọ́tò ò ṣeé gé sí méjì. Ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ kí àbúrò gbé e, àbúrò kò fẹ́ kí wọ́n tà á, ìyá ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá. Òjò wá ń pa á lọ.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó náwó, kí ẹbí jókòó. Kí wọ́n gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso dúkìá olóògbé nílé ẹjọ́ gíga ní Ring Road, bí wọn ò bá tíì gbà á. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tí mọ́tò yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí yóò máa náwó sí i, àti ẹ̀tọ́ tí àwọn yòókù ní láti fi ṣe ìnáwó wọn. Ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo ọmọ fọwọ́ sí máa ń gba ẹbí lọ́wọ́ ìjà ọdún púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n lọ pààrọ̀ orúkọ lórí ìwé mọ́tò, kí ọlọ́pàá má baà dá ọmọ dúró lórí ohun tí bàbá rẹ̀ fi òógùn rà.

Lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́

504 bàbá mi ni mo fi mọ ohun tí mo ń sọ yìí. Ojú ọ̀nà ni a lè fi àtúnṣe mọ́tò tó ti dúró pẹ́ wé, ó ní ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá fò ó yóò padà síbẹ̀. Àṣìṣe tí mo rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ni pé ọ̀dà ni wọ́n kọ́kọ́ ń sáré sí. Wọ́n á kun mọ́tò títí yóò fi máa dán, lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n á tún gé e nítorí pé wọn ò wo abẹ́ rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì ni ọ̀gá mẹkáníìkì wa kọ́kọ́ dojú kọ, ṣùgbọ́n kò fi kọ́kọ́rọ́ kàn án. Ó yọ pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó rọ ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ó ní kí a fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó padà dé, ó fi sípánà sí póòlì iwájú ẹ́ńjìnnì, ó sì rọra fi ọwọ́ yí i. Ó dúró, ó tẹ́tí, ó tún yí i. Ó ní ẹni tó bá fi agbára sítátà yí ẹ́ńjìnnì tó ti gan, rínngì á fọ́ sínú rẹ̀, àtúnṣe á wá di ríra òmíràn. Lẹ́yìn náà ló tú gbogbo epo àtijọ́ dànù, torí pẹtiróòlù tó bá pẹ́ a máa di bí oje, yóò sì dí kabúrétọ̀.

Bírèkì ló tẹ̀ lé e. Gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ ni wọ́n pààrọ̀, láìwò ó bóyá ó ṣì dára lójú. Táyà náà kò ṣeé fi eyín rẹ̀ nìkan díwọ̀n. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nọ́mbà mẹ́rin kan wà níbẹ̀: bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó ti gbó lè ní gbogbo eyín rẹ̀, kó sì bẹ́ lójú ọ̀nà. Rẹ́wáyà ló wá lẹ́yìn wọn, nítorí eku kì í fi wáyà mọ́tò tó dúró sílẹ̀.

Páàtì ńkọ́? Ọjà Aráròmí ní Géètì ni gbogbo onímọ́tò Ìbàdàn ń forí lé. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí èèyàn mọ ohun tó ń wá. Ẹ́ńjìnnì 504 tó wọ́pọ̀ jẹ́ oríṣi méjì, ti 1796 cc tí wọ́n ń pè ní XM7, àti ti 1971 cc tí wọ́n ń pè ní XN1. Písítìnnì ọ̀kan ò wọ èkejì. Nítorí náà, ẹ mú èyí tó bàjẹ́ dání, ẹ gbé e kalẹ̀ síwájú ẹni tó ń tà, kí ẹ sì fi ojú ara yín wé e. Ojúlówó wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn wà níbẹ̀, ayédèrú náà wà níbẹ̀. Àgbà mẹkáníìkì a máa fẹ́ ojúlówó tí wọ́n ti lò ju ayédèrú tuntun lọ, ìrírí mi sì gbè wọ́n lẹ́sẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni pánẹ́ẹ̀lì bítà wá dé. Ní 504, ibi tó máa ń dógùn-ún ni abẹ́ ilẹ̀kùn, ìsàlẹ̀ féńdà, etí gíláàsì iwájú àti ilẹ̀ búùtù. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹni kan yóò fi fílà (filler) dí ihò, yóò ha á, yóò kun ọ̀dà lé e. Òjò ọdún kan péré, ihò yóò tún yọ. Ẹlòmíràn yóò gé irin tó ti jẹ náà kúrò títí yóò fi kan irin tó dára, yóò fi páànù tuntun lù ú ní ìrísí rẹ̀, yóò sì fi iná káábáìdì jó o pọ̀. Iṣẹ́ èkejì yìí gba àkókò àti owó, òun sì ni iṣẹ́. Mo dúró ti arákùnrin náà nígbà tó ń lu etí féńdà. Ó fi irin kan gbá a mú lábẹ́, ó ń fi òòlù kékeré kàn án lókè, á lù, á fi àtẹ́lẹwọ́ pa á wò, á tún lù. Ojú rẹ̀ kọ́ ló fi ń mọ̀ pé ó ti tẹ́, àtẹ́lẹwọ́ ni. Kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀.

Nígbà tó kan ọ̀dà, àríyànjiyàn ṣẹlẹ̀ nílé lórí àwọ̀ tí mọ́tò jẹ́ tẹ́lẹ̀. Oòrùn ti pa àwọ̀ rẹ̀ rẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wa sì ní àwọ̀ tirẹ̀ lórí. Apèéntì ló yanjú rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó fa rọ́bà etí rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní kí a wò ó. Àwọ̀ ewéko tó ṣókùnkùn díẹ̀ wà lábẹ́ rọ́bà náà, bó ṣe kúrò ní Kàdúná gan-an, oòrùn ò kàn án rí. Òun ni wọ́n fi po ọ̀dà tuntun.

Ohun tí mẹkáníìkì mọ̀

Èrè tó tóbi jù kì í ṣe mọ́tò. Bí a bá ní ká mọ bàbá wa lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ìjọ la ń lọ. A kì í rántí mẹkáníìkì. Bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni ẹni tí bàbá wa bá jókòó lórí bẹ́ńṣì fún ọ̀pọ̀ Sátidé, tó mọ ìgbà tí owó wà àti ìgbà tí kò sí, tó mọ ibi tí mọ́tò náà ń lọ.

Nígbà tí a wà ní kékeré, ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé bí ilé ìwé bá fẹ́ wọlé, mọ́tò bàbá mi a bàjẹ́. Yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, yóò wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, bàbá mi a sì máa wọ ọkọ̀ èrò lọ síbi iṣẹ́ ní Dùgbẹ̀. A máa ń bínú sí mọ́tò yẹn. Ọ̀gá mẹkáníìkì, tí irun orí rẹ̀ ti funfun báyìí, ló là mí lóye nígbà tó ń to kabúrétọ̀ pọ̀. Ó ní mọ́tò ò bàjẹ́ rárá. Bàbá mi ti san gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ fún ilé ìwé wa, kò ku owó epo. Kò fẹ́ kí àwa ọmọ mọ̀ pé nítorí wa ni òun ṣe ń fẹsẹ̀ rìn, ló bá ń wá gbé mọ́tò pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ká ní mo ti ta ọkọ̀ náà fún oníkóńdẹ́mù ni, mi ò bá tí gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí títí láé. Kò sí nínú ìwé ìsìnkú, kò sí ẹni tó sọ ọ́ létí sàréè. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ló wà.

Mi ò sọ pé ká má ṣe òkú òbí wa lẹ́yẹ. Yorùbá ní ẹni ọmọ sin ló bímọ, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ni ìnáwó. Ìdá díẹ̀ nínú owó aṣọ ẹbí lè ra bírèkì àti táyà, ó sì lè mú ọmọ jókòó ti ẹni tó mọ òbí rẹ̀ lọ́nà tí òun kò mọ̀.

Àpá tó yẹ kó kù

Gbogbo nǹkan ló yẹ ká tún ṣe bí? Rárá. Ẹni tó bá dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn l'Ékòó yóò rí Mẹ̀sí dúdú tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed, olórí orílẹ̀-èdè nígbà náà, wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n pa á ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì ọdún 1976. Ihò ìbọn ṣì wà lára rẹ̀. Kò sí pánẹ́ẹ̀lì bítà tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, torí àwọn ihò yẹn gan-an ni ẹ̀rí. Bí wọ́n bá dí wọn, ọkọ̀ lásán ló kù.

Mọ́tò tiwa náà ní ẹ̀rí tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ìlànà tí mo tẹ̀ lé ni pé ohun tó lè pa èèyàn ni kí a sọ di tuntun: bírèkì, táyà, sítíárì, wáyà, irin tó ti jẹ. Ohun tí ọwọ́ òbí ti kàn ni kí a fi sílẹ̀. Orí jíà mọ́tò bàbá mi ti dán, nọ́mbà orí rẹ̀ ti pa rẹ́ níbi tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti máa ń wà. Wọ́n ní àwọn ní tuntun ní Géètì. Mo ní rárá.

Ẹ má dúró

Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lónìí ń kọ́ ọ lórí ọkọ̀ tó ní kọ̀ǹpútà. Wọ́n á ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ á sọ ohun tó ń ṣe é. Ìyẹn dára, òun ni ọkọ̀ ayé yìí nílò. Ṣùgbọ́n etí tó lè gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì kó sì mọ̀ pé fáàfù kan ló fẹ́ àtúnṣe, ọwọ́ tó lè to kabúrétọ̀ láìní ìwé, àwọn àgbà tó wà ní Challenge, Géètì àti káàkiri àwọn abúlé mẹkáníìkì wa ló ní in. Iṣẹ́ Ògún ni, ẹnu kọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Kí ọmọṣẹ́ rí i lọ́wọ́ ọ̀gá ni. Bí kò bá sí 504 àti Ìjàpá tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù, kò sí ohun tí ọ̀gá yóò fi kọ́ ọmọṣẹ́. Gbogbo mọ́tò òbí tí a bá tún ṣe ń fún àgbà oníṣẹ́ kan ní owó, ó sì ń fún ọmọ kan ní ẹ̀kọ́.

Owó rẹ̀ kò kéré, mi ò ní purọ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, wíwa ọkọ̀ oníkabúrétọ̀ lójoojúmọ́ kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣe é ní ìpele: kó dúró dáadáa, kó ṣiṣẹ́ dáadáa, kí ara rẹ̀ le, kó tó lẹ́wà. Bó bá gba ọdún méjì, ó gbà á. Bó bá sì parí, ẹ má fi aṣọ bò ó. Ọkọ̀ tí a kò bá wà a máa tún kú ni. Ẹ gbé e lọ sí ìdúpẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ fi gbé ìyá lọ kí àwọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ kò ná yín ní kọ́bọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ẹ wá mẹkáníìkì tó ń tún mọ́tò òbí yín ṣe rí, tàbí ọmọṣẹ́ rẹ̀ tó di ọ̀gá. Ẹ mú ìwé mọ́tò dání, ẹ jókòó, kí ẹ sì béèrè irú ẹni tí òbí yín jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tiyín lọ́wọ́ lọ, torí òun ni yóò sọ ọ́ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.